Orí Kẹrin: Ta Ló Ń Bá Ọ Wá Iṣẹ́ ní Bouaké?

Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Côte d'Ivoire, kì í dá iṣẹ́ wá ní Bouaké. Kí ọmọ ṣáà ti gba BAC tàbí BTS, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ti Èjìgbò bọ̀, ẹnu á ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà ní kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Treichville fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé Abidjan lowó wà. Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní òun mọ ọ̀gá kan. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jókòó ní lycée, ọmọ Baoulé, ní kó jẹ́ káwọn jọ lọ kọ concours iṣẹ́ ìjọba. Gbogbo wọn ló fẹ́ ire fún un, ọ̀nà tí kálukú ń tọ́ka sí ló yàtọ̀.

Orí ìwé yìí kò ní bá ọ yan ọ̀kan nínú wọn. Ó fẹ́ kí o mọ bí wọ́n ṣe ń tú ìmọ̀ràn palẹ̀ kí o tó tẹ̀lé e: ìròyìn wo ló wà nínú rẹ̀, ìgbà wo ni ìròyìn náà ti wà, kí sì ni ẹni tó ń sọ ọ́ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ìmọ̀ràn tí kò bá ní ìròyìn kankan nínú, àdúrà ni. Ṣe àmín, kí o máa lọ.

Bouaké wo ló ń sọ?

Kọ́kọ́ bi àgbà tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn pé: "Ìgbà wo lẹ wá iṣẹ́ gbẹ̀yìn, ẹ̀yin fúnra yín?" Ohùn tí a fi ń ní kí àgbà pa ìtàn ni kí o fi béèrè, kó má bàa dà bí àfojúdi. Ìdáhùn rẹ̀ ṣe kókó ní ìlú yìí ju ibòmíràn lọ, torí pé Bouaké tí àwọn àgbà mọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin tó ti Abidjan bọ̀ dé ibẹ̀. Ní 1921, Robert Gonfreville dá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran òwú sílẹ̀. Aṣọ híhun tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ìdílé sì tibẹ̀ jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1974 ni wọ́n dá CIDT sílẹ̀ láti máa bójú tó òwú àwọn àgbẹ̀, Bouaké náà sì ni wọ́n fi olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí. Bàbá tó dàgbà láàárín gbogbo èyí mọ ìlú kan tí ilé-iṣẹ́ ńlá wà, tí orúkọ bàbá ẹni sì lè múni wọ ibi tí bàbá ẹni ti ṣiṣẹ́. Tó bá ní, "Jí ní kùtù, lọ dúró lẹ́nu géètì, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ lójú," kò parọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ.

Lọ́jọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀. Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n wá ń pe ara wọn ní Forces Nouvelles. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sá lọ sí gúúsù, báńkì tilẹ̀kùn, yunifásítì kó lọ sí Abidjan, WARDA, ilé ìwádìí ìrẹsì tó wà ní M'bé lẹ́bàá ìlú, kó olú-ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sí Cotonou. Ẹni tó jókòó sí Bouaké láwọn ọdún yẹn kọ́ ẹ̀kọ́ míì: má gbọ́kàn lé owó oṣù, ra ọjà, tà á, jẹ́ kí owó wà lọ́wọ́ rẹ. Òun náà kò parọ́.

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Ouagadougou ní oṣù kẹta 2007, wọ́n sì dáná sun ìbọn ní Bouaké ní oṣù keje ọdún yẹn láti fi hàn pé ogun ti parí. Yunifásítì padà wálé. Láti 2012 ló ti ń jẹ́ orúkọ Alassane Ouattara. Títì márosẹ̀ Abidjan ti gùn dé ìlú náà. Wọ́n tún Stade de la Paix kọ́, níbi tí Super Eagles ti fi pẹnárítì gbẹ̀yẹ lọ́wọ́ South Africa lọ́jọ́ 7 oṣù kejì 2024, tí gbogbo Ànàgó ìlú ò sùn. Côte d'Ivoire ló ń kó kaṣú jọ jù lágbàáyé báyìí, ó ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ ní 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fọ́ ọ, tí ń bó o, sì ń gba ọ̀pọ̀ obìnrin síṣẹ́ ní Bouaké. Bàbá tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú kò lè fi ìrírí rẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn ní ilé-iṣẹ́ kaṣú.

Nítorí náà, má fi ọjọ́ orí olùdámọ̀ràn díwọ̀n ìmọ̀ràn. Ọjọ́ orí ìròyìn inú rẹ̀ ni kí o wò. Ẹ̀gbọ́n tó fi Bouaké sílẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn kéré sí bàbá ẹ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ìròyìn tirẹ̀ lè ti gbó. Ìyá tó ń ta attiéké lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kaṣú kò kàwé, àmọ́ ó mọ ọjọ́ tí wọ́n gba èèyàn kẹ́yìn, ó mọ iye tó wọlé, ó mọ àwọn tó jáde kí oṣù tó pé àti ohun tó lé wọn jáde. Ìkórè kaṣú máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ó sì máa ń gbóná títí di nǹkan bí oṣù kẹfà. Bí o bá fẹ́ gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé, ìyá yẹn ni kí o ti ra attiéké jẹ ṣáájú àkókò náà.

Ìwé tí kò kan olùdámọ̀ràn

Ká padà sórí ọ̀rẹ́ tó ní kẹ́ ẹ jọ lọ kọ concours. Ọmọ ilẹ̀ ni, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó ti ronú kan ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ni concours iṣẹ́ ìjọba wà fún. Ọ̀pọ̀ Ànàgó tí wọ́n bí sí Bouaké, tí wọ́n gbọ́ Baoulé àti Dioula ju Yorùbá lọ, kì í sì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà lójú òfin, torí pé láti 1972 ni òfin ti ń wo ẹ̀jẹ̀ òbí, kì í wo ilẹ̀ tí wọ́n bíni sí. Òfin pàtàkì kan tó jáde ní 2013 ṣílẹ̀kùn fúngbà díẹ̀ fún àwọn kan tí orílẹ̀-èdè náà ti di ilé wọn ṣáájú 1973. Àwọn bàbá kan lò ó, àwọn kan fojú di í. Lọ béèrè nílé lónìí bóyá bàbá tàbí ìyá ẹ wà lára àwọn tó lò ó. Ó sàn kí o mọ̀ báyìí ju kí o fi ọdún kan kàwé fún ìdánwò tí wọn kò ní jẹ́ kí o jókòó sí.

Iṣẹ́ aládàáni yàtọ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láyè láti wọlé, láti 2007 ni wọ́n sì ti fagi lé carte de séjour, ìwé ìgbélùú, fún ọmọ ECOWAS. Àmọ́ ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí wọ́n bá bá àjèjì tọwọ́ bọ̀ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìgbanisíṣẹ́ kọjá. Ọ̀gá kékeré kò fẹ́ wàhálà ìwé, ìyẹn ló fi máa ń sọ pé, "Má ṣèyọnu, wá bẹ̀rẹ̀ ná." Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ná, lọ sí Agence Emploi Jeunes. Ọdún 2015 ni wọ́n dá a sílẹ̀ rọ́pò AGEPE, ó ní ẹ̀ka ní Bouaké, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá forúkọ sílẹ̀. Ọ́fíìsì inspection du travail náà wà fún irú ìbéèrè báyìí. Àwọn Ànàgó ò fẹ́ràn àtilọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí lásìkò tí àwọn olóṣèlú ń pariwo ivoirité, ìyẹn ta ni ọmọ Côte d'Ivoire gidi, ló fà á. Ó yé mi. Síbẹ̀síbẹ̀, lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ tó ní ṣọ́ọ̀bù

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ta kókó jù. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ló san owó ilé-ìwé ẹ. Ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tàbí páànù, tàbí ike. Ó ti ń dàgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ Faransé. Ó pè ọ́ jókòó, ó ní, "Iṣẹ́ oṣù wo lò ń wá kiri? Gonfreville tó gbà wá, níbo ló wà lónìí? Wá síbí, kí o di ọ̀gá ara rẹ."

Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó gbà pé òótọ́ lòun ń sọ, ó ṣeé ṣe kó sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń wá ọmọ iṣẹ́ tí kò ní jà á lólè, ìwọ sì ni ọmọ iṣẹ́ náà. Ẹni tí ìmọ̀ràn rẹ̀ máa gbè tó bá já sí rere kò lè ríran gbogbo igun rẹ̀. Bí alága ẹgbẹ́ tó ní òun mọ ọ̀gá kan ṣe wà náà nìyẹn, torí tí o bá wọlé, ọ̀gá yẹn jẹ ẹ́ ní gbèsè oore, ìwọ náà jẹ ẹ́.

Má jiyàn lórí bóyá òwò dára ju oṣù lọ. Àríyànjiyàn yẹn ti wà kí wọ́n tó bí ọ. Ṣírò ni kí o ṣe. Láti oṣù kìíní 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Côte d'Ivoire gbà kí wọ́n san ni 75,000 faranki CFA. Lọ́dún, ó jẹ́ 900,000. Tí agbanisíṣẹ́ bá forúkọ rẹ sílẹ̀ ní CNPS, àjọ ààbò òṣìṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì àti ààbò ìjàǹbá ibi iṣẹ́ wà lórí ìyẹn. Wá gbé ti ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà, owó àpò wà lọ́jọ́ tí ọjà bá tà. Kí ló wà lọ́jọ́ fíríídọ̀mù? Ọdún mélòó ló kù? Ṣé ọjà ni wọn yóò gbé fún ọ àbí owó, èló sì ni? Ta ló gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń báni lẹ́rù jù láti béèrè, òun náà ló sì wúlò jù. Ó tì ọ́ lójú láti bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ? Jẹ́ kí ìyá rẹ bá ọ béèrè, tàbí kí o ní kí alàgbà kan tàbí ààfáà wà níbẹ̀ bí ẹni tó wá kí yín. Ẹ̀gbọ́n tó ní ètò lọ́kàn yóò dáhùn láìbínú. Tó bá bínú sí ìbéèrè náà, o ti rí ìdáhùn gbà nìyẹn.

Ohùn tí Treichville fi ránṣẹ́

Ní ti Abidjan, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ìlú náà gbà ló ń fi ohùn ránṣẹ́. Ẹni tí kò gbà ti rọra wọ bọ́ọ̀sì padà sí Bouaké, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kàn, ra ohun mímu fún un, kí o ní kó ṣírò owó fún ọ: yàrá, wọ́rọ̀-wọ́rọ̀, oúnjẹ ọ̀sán. Òfin 2019 ní kí onílé má gba ju oṣù méjì fún caution àti oṣù méjì fún ìsan-ṣáájú lọ, ṣùgbọ́n béèrè iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun gan-an. Tí o bá wá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tí o ṣì fẹ́ lọ, lọ.

Àwọn tí o kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, bi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Newton ní Massachusetts bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1974. Ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ pé èèyàn ló sọ fún wọn. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó yani lẹ́nu ni irú ẹni tó sọ fún wọn: díẹ̀ ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí wọ́n ń rí nígbà gbogbo, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ojúlùmọ̀ tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2022, àwọn onímọ̀ tún wo ogún mílíọ̀nù èèyàn tó ń lo LinkedIn, wọ́n sì rí i pé ojúlùmọ̀ tí kò jìnnà jù, tí kò sì sún mọ́ni jù, ló ń ṣèrànwọ́ jù fún ẹni tó fẹ́ kúrò níṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tí àwọn ará ilé rẹ mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Nígbà míì, èèyàn márùn-ún á sọ ohun kan náà fún ọ, wàá rò pé ẹ̀rí márùn-ún lo gbà. Tí o bá tọpasẹ̀ rẹ̀, ẹnu ẹnì kan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Máa bi kálukú pé, "Ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

Ta wá ni ojúlùmọ̀ rẹ ní Bouaké? Nọ́ọ̀sì tó gbé ilé kejì sí yín nígbà kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní CHU, ilé ìwòsàn ńlá. Dioula tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ọmọ kíláàsì rẹ tó ń bá àwọn onímọ̀ ìrẹsì ṣiṣẹ́ ní M'bé. Akọ̀wé yunifásítì tí ẹ jọ ń kírun. Àwọn wọ̀nyí kò jẹ ọ́ ní gbèsè ìmọ̀ràn, wọn kò sì ní fẹ́ darí ayé rẹ. Má bi wọ́n pé, "Kí ni kí n ṣe?" Wọn ò mọ̀. Bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó wọlé síbi tẹ́ ẹ wà yìí kẹ́yìn, báwo ló ṣe gbọ́ pé àyè wà? Ìwé wo ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ló jẹ́ kí wọ́n mú un, tí wọ́n fi àwọn tó kù sílẹ̀? Tó bá jẹ́ àbúrò yín ló fẹ́ wọ ibẹ̀, kí lẹ ò ní jẹ́ kó ṣe?"

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn ló máa ń tú àṣírí jù.

Tí o bá jẹ́ obìnrin, fi èyí kún un. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan dán an wò ní Malawi: wọ́n ní kí àwọn tó wá gbaṣẹ́ mú ẹlòmíràn wá. Ọkùnrin ni àwọn ọkùnrin ń mú wá jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ obìnrin tó tó bẹ́ẹ̀. Ó lè máà jẹ́ ìkà; ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn nìyẹn. Má jókòó kí wọ́n rántí rẹ. Sọ fún wọn pé, "Tí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ ìṣirò owó, èmi ni kẹ́ ẹ dárúkọ."

Nǹkan kan sì tún wà tó níye lórí ju ìmọ̀ràn lọ, àwa kì í sì í tọrọ rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ni, èyí tí ọ̀gá tí o bá ṣe stage, tàbí tí o bá ṣiṣẹ́ oṣù mélòó kan, kọ láti fi sọ bí o ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́. Ní South Africa, nígbà tí wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwé ìwáṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, àwọn agbanisíṣẹ́ tó pè wọ́n padà fi nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ọ̀gá tí o ṣe stage lọ́dọ̀ rẹ̀ lè máa bá ọ sọ̀rọ̀ ìṣírí fún wákàtí kan gbáko. Dúpẹ́, kí o wá ní kó bá ọ kọ ìlà márùn-ún, kó fọwọ́ sí i, kó tẹ òǹtẹ̀ sí i.

Ẹni tó ní kí o mú owó wá

Tí ìmọ̀ràn bá parí sí pé kí o fi owó ránṣẹ́ sórí Wave tàbí Orange Money kí wọ́n lè "ti fáìlì rẹ," kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́. Ìwọ bi ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà wá bóyá òun yóò dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò san án padà tí iṣẹ́ náà kò bá jáde. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ ọ́.

Bí a ṣe ń sọ fún àgbà pé a kò gba ọ̀nà rẹ̀

Àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ lórí wíwá iṣẹ́ kì í dé ibí yìí, torí pé níbẹ̀, ẹni tó gbani nímọ̀ràn kì í retí kí wọ́n padà wá jíṣẹ́. Níbí, wọ́n ń retí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ kò ní bínú tó bẹ́ẹ̀ pé o kò wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí yóò bí i nínú ni pé ẹlòmíràn ló sọ fún un. Ìbínú yẹn ń náni ní nǹkan: òun ni wàá ní kó ṣe onídùúró fún ọ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gba ilé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì wà nídìí ẹgbẹ́.

Lọ fúnra rẹ, lọ kí ìpàdé tó dé. Má lọ lọ́wọ́ òfo. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìròyìn rẹ̀, kó rí i pé o lò ó: "Bàbá, mo ti ro ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá mi sọ. Mo lọ bá àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó ti gba fíríídọ̀mù nínú ọjà, mo bi wọ́n bó ṣe rí. Ilé-iṣẹ́ kan ti fẹ́ gbà mí ní oṣù tó ń bọ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi máa dán mi wò. Mo fẹ́ wo ibẹ̀ títí ọdún yóò fi parí. Lọ́jọ́ Sátidé, màá máa wá bá yín ṣírò ọjà." Tí o bá sọ pé wàá máa wá lọ́jọ́ Sátidé, máa wá.

Má fi irọ́ bò ó pé wọn ò gbà ọ́ láyè, tàbí pé yunifásítì ló ní kí o lọ. Bouaké kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Má sì kó gbogbo ìdí rẹ kalẹ̀ fún un. Ìdí kan tó lágbára tó, mẹ́rin ń fún un láyè láti tú wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, o ò sì ní rí ibẹ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Pe àwọn ojúlùmọ̀ náà. Nọ́ọ̀sì tó sọ fún ọ pé wọ́n ń wá akọ̀wé ní CHU kò mọ̀ pé o ti rí ibòmíràn, ó ṣì lè máa di àyè yẹn mú dè ọ́. Sọ fún un lọ́jọ́ kan náà tí o bá tọwọ́ bọ̀wé, kí o sì fún un ní orúkọ ọmọ kíláàsì rẹ kan tó ṣì ń wá iṣẹ́.